Súfèé Ìyá Wa Di Ti Gbogbo Ayé

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ ka àwọn tó wà létíkun lọ́jọ́ náà, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé mo fi iyọ̀ sí i.

Ìyá wa, Bu Malsun, wà níbẹ̀. Abẹ́ omi ló wà. Ko Deokja, olórí àwọn obìnrin òmùwẹ̀ abúlé wa, wà níbẹ̀. Òun ló di báàfù irin mú. Ihwa wà níbẹ̀, ẹni tó kéré jù nínú àwọn òmùwẹ̀, tí ẹnu rẹ̀ mú bí abẹ. Ọ̀gbẹ́ni Baek wà níbẹ̀, ọ̀gá ilé iṣẹ́ ìpolówó ọjà láti Seoul. Ọkùnrin kan tí wọ́n ń pè ní Tak wà níbẹ̀, ó gbé ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ kọ́rùn. Èmi Geumok, àkọ́bí Ìyá Malsun, wà níbẹ̀, mò ń dáná. Àbúrò mi Hyerang náà wà níbẹ̀.

Ìtàn Hyerang ni mo fẹ́ sọ. Òun fúnra rẹ̀ ló bẹ̀ mí. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ bá mi kọ ọ́ sí ìwé ìròyìn, bóyá ọmọ ẹlòmíì á fi kọ́gbọ́n. Tí èmi bá mú kálàmù, mi ò ní lè kọ kọjá orúkọ Ìyá.”

Mo ka ìwé girama parí, mo sì lè ka orúkọ àwọn baba ńlá wa dé ìran keje láìkọsẹ̀. Ní ilé wa, bí nǹkan bá ti di ìjà, ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n ti ń bèèrè òótọ́. Ẹ fọkàn balẹ̀.

Ní erékùṣù wa, obìnrin ló ń wọ òkun. Wọn kì í gbé afẹ́fẹ́ kankan dání. Wọ́n á fa èémí sínú, wọ́n á rì lọ sísàlẹ̀, wọ́n á tú ìgbín òkun lára àpáta. Bí wọ́n bá jáde, èémí tó ti há sí wọn láyà á já gba ẹnu wọn bíi súfèé.

Kò sí obìnrin méjì tí tiwọn jọra. Ti Deokja kúrú, bí ẹni ń lé adìẹ. Ti Ihwa ń gbọ̀n bí ohùn ọmọ ewúrẹ́. Ti ìyá wa á bẹ̀rẹ̀ nísàlẹ̀, á dá díẹ̀, á wá ta sókè lójijì, bí ẹyẹ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rántí ibi tó ń lọ. Eyín iwájú rẹ̀ tó kán ló fa dídá yẹn. Oyún Hyerang ló wà nínú rẹ̀ nígbà tí irin tó fi ń tú ìgbín tàsé, tó gbá a lẹ́nu.

Bí kùrukùru bá bo òkun, Deokja á dúró sórí àpáta, á máa lu báàfù, kí àwọn tó wà nínú omi lè mọ ibi tí ilẹ̀ wà. Bó bá ti gbọ́ súfèé, á dárúkọ ẹni tó ni ín. Ìyá wa ló ń lọ jìnnà jù, òun náà ló sì ń kẹ́yìn wọn bọ̀. Bí Deokja bá ti gbọ́ súfèé tirẹ̀ nítòsí, ó mọ̀ pé gbogbo wọn ti gúnlẹ̀, á gbé báàfù sílẹ̀.

Ẹ má gbàgbé báàfù yẹn.

Hyerang kò wọ òkun. Ìyá kò gbà fún un. Owó ìgbín òkun ló fi kàwé dé yunifásítì, ó sì ríṣẹ́ sí ilé iṣẹ́ ìpolówó ní Seoul. Àwọn ọkùnrin ibẹ̀ ló ń ronú, òun, tí wọ́n ń fi orúkọ bàbá wa pè ní Mísì Yang, ló ń po kọfí.

“Mísì Yang, kọfí mi dà?”

“Mísì Yang, ìgbà wo lo máa lọ́kọ ná? Àga ẹ yẹn, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan ń wáṣẹ́.”

Bí ọ̀sán bá pọ́n, Ọ̀gá Baek á ní, “Núdù ọlọ́bẹ̀ dúdú ni tèmi.” Gbogbo yàrá á dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà: “Èmi náà.” Ọbẹ̀ ẹja ló máa ń wu Hyerang. “Èmi náà,” ni yóò sọ.

Ó sọ fún mi pé lọ́jọ́ kan, òun wo yàrá náà, òun rí kóòtù búlúù dúdú kan náà lọ́rùn gbogbo wọn, ẹnu gbogbo wọn sì dúdú fún ọbẹ̀ kan náà. Ẹ̀rín pa á. Lẹ́yìn náà ló wo ara rẹ̀ nínú gíláàsì fèrèsé. Ẹnu tirẹ̀ náà dúdú.

Ọdún yẹn ni ilé iṣẹ́ ẹlẹ́rìndòdò kan gbé iṣẹ́ wá. Ọsàn erékùṣù wa ni wọ́n fi ṣe ohun mímu náà, àwọn ọ̀dọ́ ni wọ́n sì fẹ́ tà á fún.

Ọ̀gá Baek na ọwọ́ sókè. “Ọ̀rọ̀ tí wọ́n yàn nìyí: ‘Má jọ ẹnikẹ́ni.’ Ẹ lọ bá mi wá ohùn kan tí kò jọ ohùn ẹnikẹ́ni.”

Ọ̀kan mú gìtá wá. Ìkejì mú gìtá wá. Ìkẹta mú gìtá tó pariwo ju ti àwọn méjèèjì lọ.

“Gìtá! Gìtá!” Ọ̀gá Baek fi ọwọ́ lu tábìlì. “Ṣé ìyá kan náà ló bí gbogbo yín ni?”

Hyerang dúró síbi ìlẹ̀kùn, àtẹ kọfí lọ́wọ́ rẹ̀. Kásẹ́ẹ̀tì kan wà lábẹ́ ìrọ̀rí rẹ̀ ní yàrá tó ń gbé.

Báyìí ni kásẹ́ẹ̀tì náà ṣe débẹ̀. Nígbà ọdún ìkórè ló wá sílé pẹ̀lú ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ kékeré. Mo wà níbẹ̀, mò ń bó kúkúńdùnkún.

“Ìyá, ẹ jẹ́ kí n gba súfèé yín sílẹ̀.”

“Kí lo fẹ́ fi èémí mi ṣe?”

“Àárò yín ń sọ mí ní Seoul. Tí oorun ò bá kùn mí, màá máa gbọ́ ọ.”

“Ìwọ nìkan?”

“Èmi nìkan.”

Ìyá nu ọwọ́ rẹ̀. “Kò burú. Ṣùgbọ́n má fi fún ẹnikẹ́ni. Àwọn ìyá wa máa ń sọ pé ọ̀run, lábẹ́ omi, la ti ń ṣiṣẹ́, ayé la ti ń náwó ẹ̀. Súfèé yẹn ni ìlẹ̀kùn tó wà láàárín méjèèjì. A kì í fi kọ́kọ́rọ́ ilé ta àlejò lọ́rẹ.”

Hyerang gbọ́ ọ. Ó mi orí pé ó ti yé òun.

Ọjọ́ mélòó kan ló fi bá ara rẹ̀ jà ní Seoul. Ó ní bí òun bá ti fi ọwọ́ kan kásẹ́ẹ̀tì náà, ara òun á gbóná. Ó tún ronú kan ọmọ ẹ̀gbọ́n wọn tí ń wá àga rẹ̀. Ó ní, “Ìyá kò ní gbọ́. Tẹlifíṣọ̀n kan ṣoṣo ló wà ní ṣọ́ọ̀bù abúlé, ó sì ń ṣe rìrì.”

Ohun tó wà lẹ́yìn ọ̀fà, ó ju òje lọ. Ó mú kásẹ́ẹ̀tì náà lọ síbi iṣẹ́.

Nígbà tí súfèé ìyá wa jáde nínú yàrá yẹn, gbogbo wọn gbójú sókè. Ẹni tó ń mu sìgá gbàgbé sìgá.

Ọ̀gá Baek rọra bèèrè, “Ta nìyẹn?”

Ẹ̀yin òǹkàwé, ibí yìí gan-an ni ẹsẹ̀ rẹ̀ ti yẹ̀. Ì bá sọ pé “Ìyá mi ni.” Ó sọ fún mi pé ojú ti òun, pé wọ́n á fi ọmọ òmùwẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́.

“Obìnrin kan lábúlé wa ni, sà.”

“Ṣé ó gbà?”

“Ó gbà, sà.”

Ìpolówó náà jáde nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Nínú rẹ̀, èrò púpọ̀ ń rìn ní Seoul, aṣọ aláwọ̀ eérú lọ́rùn gbogbo wọn, gbogbo wọn dorí kodò. Ọmọbìnrin kan dúró, ó mu ẹlẹ́rìndòdò ọsàn, ó gbójú sókè, ó súfèé. Èémí ìyá wa ló jáde lẹ́nu rẹ̀. Ọ̀rọ̀ yọ: “Má jọ ẹnikẹ́ni.”

Kí oṣù kan tó pé, ayé ti gbóná. Àwọn ọmọ ilé ìwé ń fẹ́ súfèé náà nínú bọ́ọ̀sì. Àwọn sójà ń fẹ́ ẹ. Ọkọ ìyàwó kan fẹ́ súfèé náà níbi ìgbéyàwó, wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. Ìpolówó ní kí wọ́n má jọ ẹnikẹ́ni, gbogbo wọn wá jọ ìyá wa.

Àwọn tí kò lè fi ẹnu fẹ́ ẹ ń sunkún, ni ilé iṣẹ́ bá ṣe fèrè ike, àwọ̀ ọsàn, wọ́n so okùn mọ́ ọn, wọ́n ń fi í ta àwọn tó bá ra ohun mímu lọ́rẹ. Fèrè náà mọ súfèé ìyá wa fẹ́: ó bẹ̀rẹ̀ nísàlẹ̀, ó dá, ó ta sókè.

Wọ́n gbé Hyerang sí àga ẹ̀gbẹ́ fèrèsé. Ẹlòmíì ló ń po kọfí. Lọ́jọ́ kan Ọ̀gá Baek ní, “Mísì Yang, kí la máa jẹ lónìí?”

“Ọbẹ̀ ẹja.”

“Èmi náà,” ni gbogbo yàrá wí.

Ó sọ fún mi pé ọjọ́ yẹn ni ayé dùn mọ́ òun jù.

Ṣọ́ọ̀bù abúlé ti ra tẹlifíṣọ̀n tuntun tó ń fi àwọ̀ hàn. Àwa obìnrin kóra jọ síbẹ̀ lẹ́yìn iṣẹ́, ìyá wa ń jẹ ìrẹsì ọkà bálì. Súfèé dún.

Ihwa fò sókè. “Ye! Ìyá Geumok! Ẹ ti dé Seoul láìwọ ọkọ̀ òfurufú!”

“Ẹ ṣe ń tọ́jú ara yín tó báyìí, ojú yín tún dọmọge!” ni òmíì wí.

Gbogbo wọn ń rẹ́rìn-ín. Ìyá wa kò rẹ́rìn-ín. Ó yíjú wo ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, bí ẹni tó gbọ́ ìró ẹsẹ̀. Lẹ́yìn náà ló gbé ṣíbí sílẹ̀, ó lọ sídìí tẹlifóònù.

Èmi ni mo bá a yí nọ́ńbà.

“Hyerang, mo gbọ́ ara mi.”

“Ìyá, ẹ jọ̀ọ́. Mo fẹ́ ṣàlàyé…”

“Mo jókòó sórí àga, abọ́ lọ́wọ́ mi, mo gbọ́ ara mi tí mò ń jáde lómi. Mo wẹ̀yìn wò bóyá èmi ni mò ń bọ̀.” Ó gbé tẹlifóònù sí etí kejì. “O ní ìwọ nìkan.”

“Màá ní kí wọ́n yọ ọ́, Ìyá. Màá sọ fún wọn.”

Kò sọ fún wọn. Ẹnu rẹ̀ kò gbà á.

Ọ̀rọ̀ kò dúró níbẹ̀. Àwọn àlejò bẹ̀rẹ̀ sí í wá sí etíkun wa, bọ́ọ̀sì tẹ̀lé bọ́ọ̀sì, fèrè ike lọ́rùn wọn. Wọ́n ń fẹ́ kí òmùwẹ̀ súfèé fún wọn. Ihwa kọ́ ti ìyá wa. Àwọn méjì tún kọ́ ọ.

Deokja bínú. “Ẹ fi ohùn Ìyá Geumok sílẹ̀ fún un! Èwo ni tìrẹ nínú gbogbo èyí, Ihwa?”

“Olórí, ṣé ẹjọ́ mi ni? Tí mo bá fẹ́ tèmi, wọ́n á ní, ‘Rárá o, ti tẹlifíṣọ̀n la fẹ́.’ Ta ló fẹ́ gbọ́ ewúrẹ́?”

Ọjọ́ tí ó dùn mí jù ni ọjọ́ tí ìyá wa fúnra rẹ̀ jáde lómi, tó súfèé, tí àlejò obìnrin kan tó wọ bàtà gogoro mi orí.

“Ìyá, ó kù díẹ̀. Kò jọ ti tẹlifíṣọ̀n dáadáa.” Ó bọ́ fèrè ike lọ́rùn, ó fi lé ìyá wa lọ́wọ́. “Ẹ fi kọ́ ọ.”

Ìyá wa fi ọwọ́ méjèèjì gbà á. Ó wò ó títí. Ó dá a padà fún obìnrin náà, ó ní, “O ṣeun, ọmọ mi. Mo ti dàgbà jù láti kọ́ ọ.”

Ní alẹ́ ọjọ́ yẹn, Deokja pe gbogbo wọn jọ. Ó fi òfin lélẹ̀: ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ fẹ́ fèrè ike létíkun, ẹnikẹ́ni kò sì gbọ́dọ̀ fẹ́ súfèé tí kì í ṣe tirẹ̀ nígbà tí àwọn èèyàn bá wà lómi. “Ẹni tó bá fẹ́ ṣeré, kó lọ ṣe é ní títì. Etí ni mo fi ń kà yín. Bí ẹ bá ba etí mi jẹ́, kí ni mo tún fẹ́ fi kà yín?”

Wọ́n gbà. Ihwa pàápàá padà sí ewúrẹ́ rẹ̀.

Mo pe Hyerang, mo sọ òfin náà fún un. Ó gbọ́ ọ létí ara rẹ̀. Mo ń tẹnu mọ́ èyí nítorí òun náà tẹnu mọ́ ọn fún mi.

Nígbà tí ọdún yí, ilé iṣẹ́ ẹlẹ́rìndòdò fẹ́ ìpolówó kejì. Wọ́n ní etíkun gan-an ni kí wọ́n ti yà á, nínú kùrukùru. Hyerang ló kó wọn wá.

Ó wọlé láàárọ̀ kùtù. Mo rò pé ariwo á sọ. Ìyá wa wò ó láti òkè délẹ̀, ó bu kúkúńdùnkún gbígbóná fún un.

“Jẹun. O ti rù.”

“Ìyá, mo fẹ́ bẹ̀ yín…”

“Mo ní jẹun. Òkun kì í dúró de ẹjọ́. Tí mo bá jáde, a ó sọ̀rọ̀.” Ó gbé akèrègbè rẹ̀ kọ́ èjìká. Àwọn yòókù ti ń lo èyí tó jẹ́ fóòmù. Òun nìkan ló ṣì ń di akèrègbè gidi mú láti fi léfòó lójú omi. Lẹ́nu ọ̀nà ló ti yíjú padà. “Sọ fún ọ̀gá yín pé kó ya òkun bó ṣe fẹ́, òkun kì í ṣe tèmi. Kó má ya ojú mi.”

Ọ̀rọ̀ tó bá Hyerang sọ kẹ́yìn nìyẹn.

Kùrukùru bò wá kí oòrùn tó gòkè dáadáa. A kò rí ọwọ́ ara wa. Deokja dúró sórí àpáta rẹ̀, ó ń lu báàfù: gán-in, gán-in, gán-in. Èmi wà nínú ọgbà òkúta tí a ti ń yáná, mo gbé ọbẹ̀ ewéko òkun kaná. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń gúnlẹ̀. Mò ń gbọ́ Deokja tó ń dárúkọ wọn. Ihwa wọlé, ó ń gbọ̀n, ó ní, “Ẹ fún mi lọ́bẹ̀ kí n tó kú, kí n má baà kú lórí òfo.”

Ó ku ìyá wa nìkan.

Hyerang àti àwọn ará Seoul wà lórí àpáta dúdú, ní apá kejì etíkun. Tak ń yí bọ́tìnnì ẹ̀rọ rẹ̀, ó ń fajú ro.

“Àǹtí Yang, mi ò gbọ́ nǹkan kan bí kò ṣe irin tí wọ́n ń lù yẹn. Ẹ fẹ́ fèrè yẹn lẹ́ẹ̀kan, kí n lè wọn ohùn.”

Fèrè náà wà lọ́rùn Hyerang. Ó fà á yọ lábẹ́ kóòtù. Ó rántí òfin. Ó rántí ohùn mi lórí tẹlifóònù.

“Ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀. Wọ́n ṣì ń…”

“Mísì Yang,” Ọ̀gá Baek wo aago, “kùrukùru yìí kò ní dúró dè wá. Ó yá, ẹ̀ẹ̀kan péré. Kí ni ẹ̀ẹ̀kan máa ṣe?”

Gbogbo wọn ń wò ó. Ó ní ó rí bí ìgbà tí ọ̀sán bá pọ́n tí Ọ̀gá Baek bá ti sọ oúnjẹ tirẹ̀, tí gbogbo yàrá ń retí ẹnu rẹ̀. Ó fẹ́ fèrè náà.

Ó bẹ̀rẹ̀ nísàlẹ̀, ó dá, ó ta sókè.

Báàfù dákẹ́.

Ọ̀gá Baek ju ọwọ́ sókè. “Ọlọ́run ṣeun! Irin yẹn ti dákẹ́. Máa fẹ́ ẹ lọ.”

Ẹ mọ ohun tí Hyerang sọ fún mi? Ó ní nígbà tí báàfù dákẹ́, ara tu òun. Ó fẹ́ ẹ lẹ́ẹ̀kan sí i.

Deokja wọ inú ọgbà òkúta, ó na ọwọ́ síná. “Ìyá Geumok ti gúnlẹ̀. Ẹ̀yìn àpáta dúdú ló gbà lónìí.”

Mo bu ọbẹ̀ tirẹ̀ sílẹ̀.

Ihwa ní, “Ó kó ìgbín púpọ̀ ni, ó ń fi pamọ́ kí a má tọrọ.” A rẹ́rìn-ín. Ọbẹ̀ ń tutù. Mo fi ọmọrí dé e.

Hyerang wọlé. Òtútù mú un, ó wá yáná. Deokja gbójú wò ó.

“Ìyá ẹ ńkọ́?”

“Mi ò rí wọn, mà.”

“Báwo lo ò ṣe rí i? Ọ̀dọ̀ yín ló gúnlẹ̀ sí. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo gbọ́ ọ níbẹ̀.”

Mo rí ọwọ́ àbúrò mi tó lọ sọ́rùn, tó di nǹkan mú, tó sì dúró síbẹ̀. Ojú rẹ̀ funfun bí iyọ̀.

Deokja dìde. Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀. “Ṣí ọwọ́ ẹ.”

Kò lè ṣí i. Èmi ni mo tú ìka rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Fèrè ike náà wà níbẹ̀, ó pọ́n yòò bí ọsàn.

Mo ti ń retí igbe. Deokja kàn gbá báàfù mú, ó sáré jáde, gbogbo wa tẹ̀lé e. Ó ń lù ú bí ẹni fẹ́ fọ́ ọ. Mo ń lu ọmọrí ìkòkò. Àwọn obìnrin tó ti bọ́ aṣọ rọ́bà wọn ń wọ ọ́ padà, wọ́n ń wọ omi. Hyerang wọ omi dé ọrùn pẹ̀lú kóòtù Seoul rẹ̀, ó ń ké, “Ìyá! Ìyá! Ẹ padà sí ibí! Ibí ni ilẹ̀ wà!”

Nígbà tó ṣe, Ihwa gbé ọwọ́ sókè. “Ẹ dákẹ́! Ẹ gbọ́!”

Súfèé kan dún, ó jìnnà. Ó bẹ̀rẹ̀ nísàlẹ̀, ó dá, ó ta sókè.

“Òun nìyẹn!”

“Níbo?”

“Lápá òkun!”

“Lápá títì ni!” Bọ́ọ̀sì àwọn àlejò ti dúró ní títì, a ń gbọ́ ẹ̀rín wọn nínú kùrukùru. Súfèé náà tún dún. A wo ara wa. Deokja, tó ti fi ọgbọ̀n ọdún ka àwọn obìnrin gúnlẹ̀ pẹ̀lú etí, ń yí orí síhìn-ín sọ́hùn-ún.

“Mi ò mọ̀,” ló wí. “Ọlọ́run mi, mi ò mọ̀ ọ́n mọ́.”

Ọkọ̀ ojú omi jáde. Akèrègbè ni wọ́n kọ́kọ́ rí, lọ́nà jíjìn, níbi tí ìgbì òkun ti ń fa nǹkan lọ síta. Àwọn ìgbín inú àwọ̀n rẹ̀ ṣì ń mí. Ẹ̀yìn ìyẹn ni òkun tó dá ìyá wa padà, ní etíkun abúlé kejì.

Deokja sọ pé ìyá wa ti jáde lómi nínú kùrukùru, ó tẹ́tí fún báàfù, kò gbọ́ nǹkan kan, ó wá wẹ̀ lọ síbi tó rò pé ilẹ̀ wà. Hyerang kì í gbà kí a sọ apá ibẹ̀. Òun ló sì ń sọ ọ́ jù.

Nígbà tí a ń ṣe àìsùn òkú, a pa tẹlifíṣọ̀n. A kò lè pa àwọn ọmọ tó ń kọjá ní ìta lẹ́nu mọ́. Wọ́n ń súfèé.

Hyerang padà lọ bá Ọ̀gá Baek. “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yọ ọ́. Ìyá mi ni.”

“O ní obìnrin kan lábúlé yín.”

“Ìyá mi ni, sà.”

Ọ̀gá Baek bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀. Kì í ṣe ènìyàn búburú. “Mísì Yang, ẹ kú àmúmọ́ra. Ṣùgbọ́n gbogbo ayé ló ń fẹ́ ẹ báyìí. Ta ni mo fẹ́ yọ ọ́ lẹ́nu rẹ̀?”

Ó fi iṣẹ́ sílẹ̀, ṣùgbọ́n súfèé náà kò fi etí rẹ̀ sílẹ̀ ní Seoul. Ó ń sọdá títì, ìyá á jáde lómi lẹ́yìn rẹ̀. Ó ń ra ẹ̀fọ́, ìyá á jáde lómi. Nínú bọ́ọ̀sì, ọmọ mẹ́ta á fẹ́ ẹ lẹ́ẹ̀kan náà, ìyá mẹ́ta á jáde lómi, kò sí èyí tó gúnlẹ̀. Ó ń yíjú wẹ̀yìn títí ọrùn fi ń dùn ún.

Ogún ọmọdé kì í ṣeré pọ̀ fún ogún ọdún. Ìpolówó mìíràn dé, ijó kan ni, gbogbo wọn gbàgbé súfèé, gbogbo wọn ń jó. Wọ́n da àwọn fèrè ike sórí ààtàn. Ìdákẹ́jẹ́ wá dé, ó sì burú ju ariwo lọ.

Hyerang lọ tọrọ kásẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ní ilé iṣẹ́. Wọ́n wá a, wọ́n rí i. Nígbà tó gbé e sínú ẹ̀rọ, gìtá ló dún. Ẹnìkan ti fi ohùn mìíràn pa á rẹ́.

Ó wá bá mi nílé, fèrè ike lọ́wọ́. Ó ti sán, ó fi okùn dì í.

“Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ fetí sí i. Ṣé bó ṣe rí nìyí?” Ó fẹ́ ẹ.

“Rárá o,” ni mo fi ìgbéraga dáhùn. “Níbo ni ike ti rí eyín tó kán?”

“Báwo wá ni tiwọn ṣe rí? Ẹ fẹ́ ẹ fún mi. Ẹ̀yin lẹ mọ gbogbo nǹkan ilé wa.”

Mo ṣu ẹnu jọ. Mo wá a nínú orí mi, níbi tí mo kó gbogbo wọn sí, baba ńlá ìran keje, orúkọ ìyàwó wọn, oko tí wọ́n pín. Fèrè ike ló dún níbẹ̀. Mo tún wá a. Fèrè ike.

Mo ya ẹnu mi sílẹ̀, mo ní ọ̀fun ń dùn mí. Irọ́ ni. Hyerang sì mọ̀.

A ti darúgbó báyìí, àwa méjèèjì. Deokja ti fi ayé sílẹ̀. Ihwa ló di olórí, kò sì gbà kí ẹnikẹ́ni ṣe àwàdà pẹ̀lú súfèé. Báàfù irin wà lọ́wọ́ mi.

Boyun, ọmọ ọmọ mi, ìwọ tí o máa wọ òkun fún ìgbà àkọ́kọ́ lọ́la: mo gbọ́ pé o ti rí ìpolówó àtijọ́ yẹn lórí fóònù rẹ, o sì ń fi ìkọ̀kọ̀ kọ́ súfèé náà, kí inú èmi àti ìyá àgbà rẹ Hyerang lè dùn. O ṣeun, ṣùgbọ́n pa á rẹ́. Nígbà tí o bá jáde lómi, má ṣu ẹnu jọ bí ẹnikẹ́ni. Jẹ́ kí èémí rẹ já bó bá ṣe fẹ́ já, bó tilẹ̀ jọ ti ewúrẹ́. Àwa méjèèjì á wà lórí àpáta. Màá máa lu báàfù, mi ò sì ní gbé e sílẹ̀ nítorí ohun tí etí mi bá gbọ́. Máa bọ̀ títí màá fi fi ọwọ́ kan orí rẹ.